Àwo Kẹrin Tí Augustin Dá Lẹ́bi

Inú ń bí Séraphin débi pé kò kí onílé. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà Augustin ní Ìfọ̀nyìn, ó gbé abọ́ dúdú kan dání, gàrí ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Títí di àná, àwo orin ni abọ́ náà. Àwo kẹrin àwọn Horlogers ni, ẹgbẹ́ olórin Faransé tó ń po gìtá mọ́ dùùrù, tí orin kan ṣoṣo wọn lè gba ogún ìṣẹ́jú.

Léontine ìyàwó Séraphin kò jẹ̀bi. Gbogbo obìnrin tó ń yan gàrí ló ń ki àwo tó ti bàjẹ́ bọ omi gbígbóná, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n á fi àjẹkù àbẹ́là dí ihò àárín rẹ̀, kó lè di abọ́ gàrí. Léontine kúkú bèèrè. Nígbà tí Séraphin lọ tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Banigbé, Léontine lọ bi Augustin tí gbogbo ìlú gbà pé ó mọ orin oyìnbó, pé èwo ni kò wúlò nínú àwọn àwo ọkọ òun. Augustin ní kó mú ìkẹrin àwọn Horlogers. Kò tilẹ̀ ronú sí i.

"Kámárádì, fara balẹ̀," ni Augustin wí. Láti ìgbà tí ìjọba Révolution ti dé ló ti ń pe gbogbo ayé bẹ́ẹ̀. "Mẹ́ta àkọ́kọ́ ló dáa. Èyí, ariwo lásán ni. Ta ni ò mọ̀?"

"Báwo ni orin ojú kejì rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀?" ni Séraphin bi í.

Augustin wolẹ̀. "Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́ ló ní kò dáa. Èmi fúnra mi ò tíì gbọ́ ọ."

Ẹ gbọ́ ná! Kò gbọ́ ọ rí, ó sì ní kí wọ́n bọ̀ ọ́. Ilé ìtàwo tí Séraphin ti rà á ti kógbá sílé, kò sì sí ẹ̀dà àwo náà mìíràn níbì kankan tó mọ̀.

"Nínú mẹ́ta yẹn, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ yíyára hàn wá ni," ni Séraphin sọ. "Èyí ni wọ́n ti ṣe sùúrù. Gìtá á dákẹ́ títí wàá fi rò pé orin ti tán. Jókòó. O máa gbọ́ ọ lónìí."

Ó gbé abọ́ lé orókùn. Ó fẹnu ṣe dùùrù, ó ń fi ìka lu ìdí abọ́. Augustin kò jẹ́ mira. Dùùrù lọ jẹ́jẹ́, gìtá dákẹ́, gìtá padà wọlé, Séraphin sì dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀, ó tún mú un, ibì kan náà ló tún há sí.

"Kí ló tẹ̀ lé e?" ló bi Augustin, kó tó rántí pé ẹni tó ń bi kò gbọ́ ọ rí. Ó wá ń fi èékánná họ àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ara abọ́ náà, níbi tí orin ti wà tẹ́lẹ̀. Gàrí ti dí wọn.