Jẹ́lì Tó Kọ̀ Tí Kò Dì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ṣùtì ètè sí nǹkan, kí ẹ rí Ẹ̀gbọ́n Oníkéèkì lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fojú kan jẹ́lì tí ìyàwó àbúrò rẹ̀ ṣe. Ó ṣí fíríìjì, ó fi ìka kan ti abọ́ náà, jẹ́lì gbọ̀n nínú abọ́, òun náà sì mirí.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"Jẹ́lì ni, Ẹ̀gbọ́n. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀. Ti Dádì ni."

"Jẹ́lì tí kò ní ṣúgà!" Ó pòṣé. "Ẹ ò kúkú fún un ní gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ bébà, kó máa lá a."

Aránṣọ ni ìyàwó, yàrá iwájú ilé ló ń lò fún ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ̀ pé oníbàárà tó bá ń bú aṣọ kó tó wọ̀ ọ́ kò ṣe é bá jiyàn. Ó rọra ti fíríìjì, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Kò ṣàdédé máa se jẹ́lì. Ọkọ rẹ̀ fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù ni, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan kì í sì í kúrò láàárín itan rẹ̀ kí òmíràn tó dé ibẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àtọ̀gbẹ ló bá a wálé. Bàtà kan ló kọ́kọ́ bó o ní ọmọ ìka ẹsẹ̀, egbò náà sì kọ̀, kò jinná. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Bàbá, bí ṣúgà ara yín ò bá wálẹ̀, ọmọ ìka yìí máa lọ. Tá a bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé, a ò mọ ibi tá a máa bá a dé." Ọkọ rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ó ní àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ràn àtimáa dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde, ó ń tú gbogbo àpò rẹ̀ wò fún kọ́kọ́rọ́ ilé, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti fi ẹsẹ̀ yẹn ṣe iṣẹ́. Ó kó ṣúgà kúrò nílé, ó kó bisikíìtì kúrò. Ọkọ rẹ̀ kúkú gbà, àfi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tó bá ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ tó ń retí ẹni tó re ọjà. Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló kọ́ ọ ní jẹ́lì. Omi tútù ni wọ́n á kọ́kọ́ wọ́n ẹ̀tù jẹ́látìn sí, wọ́n á jẹ́ kó wú, kí wọ́n tó da omi gbígbóná lé e, tí wọ́n á máa rò ó títí yóò fi mọ́ gaara. Ìyàwó á fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á ha èèpo ọsàn díẹ̀ sí i kó lè ta sánsán, á kán oje adùn tí kò ní ṣúgà, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn, á sì gé kùkúḿbà wínníwínní sínú rẹ̀ kó lè wu ojú. Yóò gbé e sórí tábìlì kó tutù, nítorí ohun gbígbóná kì í wọ fíríìjì òun, yóò sì padà lọ ránṣọ.

Ọkọ jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ. Ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́. Ṣúgà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, etí egbò náà sì ń gbẹ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí nǹkan dé rèé tí Ẹ̀gbọ́n Oníkéèkì fi dé, tó ní òun wá tọ́jú àbúrò òun. Àpò méjì ló gbé wá, aṣọ wà nínú ọ̀kan, agolo àti ṣíbí kéèkì wà nínú ìkejì, àfi bí ẹni pé inú ilé aláìsàn ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó. Obìnrin yìí ti fi ahọ́n tọ́ ṣúgà wò títí ahọ́n náà fi kú. Ohun tó bá dùn lẹ́nu ẹlòmíràn, ó ní ó tẹ́. Ohun tó bá ń fa eyín ẹlòmíràn tu, ó ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Irú ahọ́n bẹ́ẹ̀ ló sì fẹ́ fi ṣe dókítà.

Ká má parọ́, nǹkan yí padà láti ọ̀sẹ̀ tó dé. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn jẹ́lì. Ó ń fi ṣíbí ha ìdí abọ́. Ó ń béèrè bóyá ó ṣẹ́ kù. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ní, "Nǹkan yìí ti ń mọ́ yín lọ́wọ́ o," inú ìyàwó sì dùn débi pé ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Òun náà gọ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Ọkùnrin tó kórìíra nǹkan tọkàntara ṣàdédé ń lá abọ́, ẹ ò tún bi í pé kí ló dé? Ṣùgbọ́n oríyìn dùn létí aláṣelékè, ìyàwó sì ti ń retí oríyìn ọkùnrin yìí tipẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, ṣúgà ti ga ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Egbò tó ti ń gbẹ ti tutù, ó sì ti ń rùn. Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ó sì bojú wo ìyàwó.

"Màmá, kí lẹ ń fún wọn jẹ? Ẹ sọ òótọ́ fún mi."

"Ohun tí ẹ ní kí n máa fún wọn náà ni. Mi ò fi kún un."

"Ẹ̀rọ yìí ò ní parọ́ mọ́ yín, Màmá. Ẹ̀ ń gé ẹsẹ̀ wọn díẹ̀díẹ̀ o."

Gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ló yíjú sí i. Ojú tì í débi pé ó ń tún ìdí gèlè tí kò tú dì. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ó ń wo fáànù.

Nílé, àyè gba Ẹ̀gbọ́n. Ó ní òun ti sọ ọ́, pé jẹ́látìn tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè, kí ni wọ́n rò pé ó máa ṣe nínú ara ènìyàn? Ó gbé fóònù, ó pe ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ sókè kí ìyàwó lè gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù. "Ìyàwó wa ń ṣe wàhálà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ohun tí kò yéèyàn, ṣé tipátipá ni?" Àna tí kò bẹ aláìsàn wò rí wá ń pe ìyàwó láti fún un ní ìmọ̀ràn. Ọ̀kan ní kó máa gbàdúrà kó tó se nǹkan. Ìlera ọkọ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ẹlẹ́nu ń dá sí, òun tó ń sè é sì di aṣebi.

Obìnrin náà sunkún ní kọ̀rọ̀. Ó da jẹ́látìn tó wà nílé nù, ó ra òmíràn. Ó yọ kùkúḿbà kúrò nínú rẹ̀, ó dín oje adùn kù. Ó ń fura sí ọsàn wẹ́wẹ́, ó ń fura sí omi, ó ń fura sí ọwọ́ ara rẹ̀. Kò fura sí ènìyàn kankan.

Ọsàn ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ tú. Ó ti po jẹ́lì láàárọ̀, ó gbé e sórí tábìlì kó tutù, oníbàárà kan sì dé tó fẹ́ kí wọ́n fún ẹ̀gbẹ́ aṣọ òun wọlé. Nígbà tó padà wọ ilé ìdáná, Ẹ̀gbọ́n ti bá a gbé abọ́ náà sínú fíríìjì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó fa abọ́ náà jáde, omi ló dà sí i lápá. Kò dì rárá. Ó ń ṣàn bí omi ìfọṣọ.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ ò rí nǹkan! Ó tún ti bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Ìyàwó gbé apá símú. Òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti se jẹ́lì fúngbà díẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù kì í jẹ́ kó dì, àfi bí wọ́n bá bọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sì sí ọ̀pẹ̀ òyìnbó nínú ohun tí òun ń rà. Ó ṣí ike ìdọ̀tí, ó gbé bébà tó wà lókè kúrò, èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló da ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú jẹ́lì mi?"

Ẹlòmíràn á sẹ́. Ẹ̀gbọ́n Oníkéèkì kò sẹ́. Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Èmi ni. Ṣúgà kéèkì mi ló tán, n bá ti fi ìyẹn sí i bí mo ṣe máa ń fi sí i. Èso ni, Ọlọ́run ló dá a, kò lè pa èèyàn. Àbí kí n máa wo àbúrò mi kó máa jẹ gọ́ọ̀mù títí tó fi máa kú?"

"Bí ẹ ṣe máa ń fi sí i?"

"Láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ta lẹ rò pé ó ń jẹ́ kí ó jẹ ẹ́? Ọwọ́ yín?"

Ọ̀rọ̀ náà wá yé ìyàwó. Ẹ̀tù ṣúgà kéèkì, tó kúnná bí àtíkè, tí kì í ṣẹ́ kù sí ìdí abọ́! Gbogbo oríyìn tó ń kọrin lé lórí, ṣúgà ló gbà á. Ó gbé abọ́ náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e wọ pálọ̀, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti na ẹsẹ̀ sórí àpótí tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́.

"Dádì, Ẹ̀gbọ́n ń da ṣúgà sínú jẹ́lì yín. Ó ti pẹ́."

Ó ń retí kí ọkùnrin náà fò dìde, tàbí kó tilẹ̀ bojú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọkùnrin náà ń wo tẹlifíṣọ̀n lọ. Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n ń ṣe.

"Dádì. Ṣé ẹ mọ̀ ni?"

"Ẹ má pariwo."

"Mo ní ṣé ẹ mọ̀?"

Ó fi ọwọ́ pa orúnkún. "Ta ni ò ní mọ ṣúgà lẹ́nu? Mo mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

"Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín nílé ìwòsàn, ẹ jókòó tì mí, ẹ ń wo fáànù. Àwọn ẹbí yín ń pè mí ní apànìyàn lórí fóònù, ẹ gbọ́. Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

Ó ronú sí i, ẹ má sọ pé kò ronú. Ìdáhùn rẹ̀ wá jáde láìfi bò, bí ẹni tí wọ́n bi pé aago mélòó ló lù.

"Bí mo bá sọ, ẹ ò ní jẹ́ kó fi sí i mọ́."

Ìyàwó dúró síbẹ̀ tòun tabọ́, ọkọ rẹ̀ sì na ọrùn, ó wo inú abọ́ náà.

"Ṣé ẹ fẹ́ dà á nù ni?" ló béèrè.

Ibẹ̀ ni ojú obìnrin náà là. Ó ti rò pé òun àti ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ló ń fa ẹsẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Irọ́ ni. Òun nìkan ló ń fà á. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti jọ̀wọ́ rẹ̀ tipẹ́ nítorí ṣíbí kan, ó sì ti fi orúkọ rere ìyàwó rẹ̀ ṣe ènì lé e lórí. Ó wo ọkùnrin tó ti ń pè ní olúwa òun láti ìgbà èwe. Ó rí i kedere, ó sì kéré. Ó kéré gan-an. Ó da omi náà sínú síǹkì, ó fọ abọ́, ó gbé e sójú ibi tó ń gbé.

Wọ́n gé ọmọ ìka náà. Nígbà tí dókítà sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n Oníkéèkì bú sẹ́kún, ó ní òun kì í lè wo ẹ̀jẹ̀, ó sì di àpò rẹ̀ méjèèjì lọ kí wọ́n tó gé e. Kò gbàgbé ṣíbí kéèkì kan ṣoṣo. Ìyàwó ló jókòó sílé ìwòsàn, òun ló ń wẹ egbò nígbà tí wọ́n padà sílé, òun ló ń dín iyọ̀, tó ń bọ ẹ̀fọ́. Ìyẹn kò yẹ̀. Ẹkún tó sun ní ilé ìwòsàn, ọmọ ìka náà ló sun ún fún. Ẹni tó ni ín kò sí nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ń rán etí aṣọ, kò gbójú sókè.

"Jẹ́lì yẹn," ló ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èyí tí kò ní ṣúgà. Ṣé kò lè sí díẹ̀?"

"Jẹ́látìn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù," ni ìyàwó wí. "Ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú fíríìjì, omi wà nínú ẹ̀rọ omi. Ẹ lọ sè é. Ọwọ́ yín méjèèjì ṣì pé."

Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ.