Ẹ̀wù Antóní Mímọ́ Lọ́rùn Nakhle

Ìyá mi ló jẹ́ ẹ̀jẹ́, èmi ni wọ́n ní kí n san án. Mo ń kun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa lórí òkè lẹ́bàá ìlú Batroun nígbà tí àkàbà yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, mo já lulẹ̀ gbì, egungun èjìká mi sì dá. Kí dókítà tó dé, ìyá mi ti bá Antóní Mímọ́ dúnàádúrà: bí mo bá lè dìde, màá wọ ẹ̀wù rẹ̀ títí di ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ nínú oṣù kẹfà.

Ta ni kò mọ ẹ̀wù yẹn? Aṣọ gígùn aláwọ̀ ilẹ̀, tó ní ìborí, tó sì ní okùn funfun nídìí. Ọmọdé la máa ń wọ̀ ọ́ fún. Bí ọmọ bá bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, wọ́n á wọ̀ ọ́ fún un, gbogbo àdúgbò á máa fọwọ́ pa á lórí, wọ́n á máa fún un ní súìtì. Èmi rèé, géńdé onírùngbọ̀n tí irun iwájú orí rẹ̀ ti ń sá lọ sẹ́yìn. Ta ni yóò fún mi ní súìtì?

"Màmá, ṣé ẹ bi mí kẹ́ ẹ tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí?"

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o bi mí kó o tó já bọ́?"

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun ni kí n máa ya àwọn ẹni mímọ́ sára ògiri. Mo ti ya Antóní yìí láìmọye ìgbà, pẹ̀lú òdòdó funfun lọ́wọ́ kan, Jésù ọmọ ọwọ́ lápá kejì, ojú rẹ̀ á tutù bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán. Kò sọ sí mi lọ́kàn rí pé aṣọ náà ń yún èèyàn lọ́rùn. Òpùrọ́ ni àwa ayàwòrán. A kì í ya òógùn mọ́ ẹni mímọ́ kankan lára, bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n ti jáde wá sáyé fún ìgbafẹ́. Bí mo bá tún máa ya Antóní, ọrùn tó ń họ ni màá ya ọwọ́ rẹ̀ sí, kí bíṣọ́ọ̀bù máa bínú.

Mo wá di ẹni àfiṣẹ̀fẹ̀. Antóní làwa Àgùdà máa ń ké pè bí nǹkan bá sọnù, ni Ghattas mẹkáníìkì bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tó bá ti rí mi, á pariwo pé, "Antóní, kọ́kọ́rọ́ mi sọnù o! Bá mi wá a!" Mo ní ọpọlọ rẹ̀ ni ká kọ́kọ́ wá ná.

Gbogbo ìyẹn kò dùn mí tó ọ̀rọ̀ Juhayna. Opó ni Juhayna, ó ń ṣe mànákíṣì ní ìkóríta, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ewé sátà àti òróró ólífì ra lójú, lórí irin gbígbóná tó rí rògòdò bí ẹ̀yìn ìjàpá. Àràárọ̀ ni mò ń jẹ ẹ́ níbẹ̀. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín báyìí, torí n kò tíì sọ ọ́ fún òun rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní São Paulo ti wá ránṣẹ́ pè é, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Sátidé ló ń lọ, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sì ni àjọ̀dún Antóní. Báwo lèèyàn ṣe ń dẹnu kọ obìnrin nínú ẹ̀wù ẹni mímọ́? Bó bá ti rí mi, ohun tó máa ń wí ni pé, "Fadá, ẹ bá mi súre fún ìyẹ̀fun mi."

Mo gba ilé Fadá Tobiya lọ. Mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀, Màmá Wardiya, níbi tí wọ́n ti ń yọ kóró inú èso fún jáàmù. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Àwọn fadá ìjọ Maróní wa, tó jẹ́ ẹ̀ka Àgùdà, lè níyàwó kí wọ́n tó joyè, Póòpù sì mọ̀ sí i.

"Fadá, ẹ gbà mí, ẹ bá mi tú ẹ̀jẹ́ yìí kó tó di Sátidé."

"Bí ìyá ẹ bá gbà, èmi náà gbà."

"Mo ti bi wọ́n. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ tún já bọ́ ni."

Màmá Wardiya kò gbójú sókè. "Nakhle, ìgbà wo lo ti wọ ẹ̀wù yìí?"

"Bí oṣù kan sẹ́yìn, Màmá."

"Juhayna ńkọ́, ìgbà wo ló ti ń ṣe mànákíṣì?"

"Á tó ọdún mẹ́ta."

"Ẹ̀wù wo ló wà lọ́rùn ẹ nígbà yẹn tó dì ẹ́ lẹ́nu?"

Fadá sáré gbé kọfí rẹ̀ sẹ́nu kó má bàa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń lọ sílé lojú ń tì mí, torí òótọ́ ni obìnrin yẹn sọ. Lọ́jọ́ tí ìyá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́, bí mo ṣe ń ráhùn lóde ni inú mi ń dùn lábẹ́nú. Mo ti rí nǹkan dì mú bí àwáwí.

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo so okùn mọ́dìí, mo kọrí sí ìkóríta. Èrò pọ̀ níbẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti ra búrẹ́dì, ni ìyá arúgbó kan nínú wọn bá gbá ọwọ́ mi mú, ó fẹnu kò ó.

"Fadá mi, ẹ gbàdúrà fún ọmọ ọmọ mi. Kò rí aya fẹ́."

"Ìyá àgbà, èmi alára ò tíì rí. Èmi kì í ṣe fadá. Aya ni mo wá fẹ́ níbí."

Ìyá náà ju ọwọ́ mi sílẹ̀, ó fi àmì àgbélébùú yí gbogbo ara rẹ̀ ká. "Yéè! Ayé ti bàjẹ́ délé Ọlọ́run!"

Juhayna nu ọwọ́ sára épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ta lẹ wá fẹ́, Fadá?"

"Ìwọ ni."

"Nínú ẹ̀wù yẹn?"

"Mi ò lè bọ́ ọ kó tó di ọ̀la, ọ̀la lo sì ń lọ. Juhayna, má lọ."

Ghattas ké láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ká lọ pe fadá gidi wá ni?"

"Bí mo bá ní n kò fẹ́ ńkọ́?" ni Juhayna bi mí. "Wàá bọ́ ọ jù sínú iná yìí lónìí?"

Òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi, ọrùn ń yún mi.

"Rárá. Màá wọ̀ ọ́ dé ọjọ́ àjọ̀dún. Bí mo bá bọ́ ọ, ẹ̀rù á ba ìyá mi. Ẹ̀rù á ba èmi náà."

Ó wò mí títí búrẹ́dì fi jóná lójú irin. N kò rí i kó jó búrẹ́dì rí.

"Ọkọ mi tó kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kì í parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Màá pe ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án yìí. Á bínú, á sì tán. Ṣùgbọ́n ohun kan wà o. Bí mo bá ti wọlé ẹ, èmi ni màá máa jẹ́ ẹ̀jẹ́ lórúkọ ẹ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni pín in."

"Ó ti yé mi," ni mo wí kíá.

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìyá mi ló dúró sórí ìlà àwọn tó ń ra búrẹ́dì, ó di rósárì rẹ̀ mú gírígírí, omi ti lé róró lójú rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni ìyá mi wí, "jọ̀ọ́, ká pín in sí méjì."