Iná Yàrá Ẹ̀yìn

"Ẹ tún pa á wò lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Bàbá Oníná na ọwọ́ sí súìṣì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì fà á wálẹ̀. Ilé pa lọ́lọ́. Gílóòbù kú, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá sì gbé ọ̀rọ̀ mì láìparí rẹ̀. Bàbá àti ọmọ gbójú sókè wo mítà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná pupa kékeré tó wà lójú rẹ̀ ń ṣẹ́jú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí iyanrìn kó sí lójú.

"Ẹ wò ó," ni Nọ́ọ̀sì wí. "A ò tan nǹkan kan, ó ṣì ń jẹun."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Oníná wọ eegun. Ká ní télọ̀ ni, tàbí awakọ̀, ojú ì bá má tì í. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ogójì ọdún fa wáyà sí ilé onílé, tó jẹ́ pé agbára káká ni ẹ fi máa rí ilé mẹ́wàá ládùúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ kò kàn, òun náà ni iná wá ń jò nílé rẹ̀, tí kò sì mọ ibi tó ń gbà jò. Ta ni yóò sọ irú ìyẹn fún?

Láti ìgbà tí epo ti wọ́n káàkiri ayé, tí owó iná sì di ìlọ́po mẹ́ta, Nọ́ọ̀sì ló ń ra iná sórí mítà bàbá rẹ̀ láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Iná tó yẹ kó lò fún oṣù kan kì í pé ọjọ́ mẹ́wàá mọ́. Ó kọ́kọ́ rò pé bàbá òun ló ń tan fáànù sùn mọ́jú. Háà, bàbá tó ti pa fáànù tì, tó ń fi páálí fẹ́ ara rẹ̀! Bàbá tó ń mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó sì ń wọ aṣọ híhunjọ lọ sóde nítorí kò fẹ́ tan áyọ́ọ̀nù! Ó ti ṣẹ́ra ẹ̀ níṣẹ̀ẹ́ títí, síbẹ̀ wọ́n ń pè é ní onínàákúnàá.

"Mi ò bá yín jà, Bàbá mi," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n apá mi ò ká a mọ́. Tí oṣù yìí bá parí tí nǹkan ò yí padà, ẹ máa wá bá wa gbé ni. A ó fi ilé yìí háyà. Yàrá kan ṣófo lọ́dọ̀ wa."

"Yàrá kan," ni Bàbá Oníná wí.

Nígbà tí Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ láti dágbére, omi lé ròrò sí òun náà lójú, nítorí inú ilé náà ni wọ́n bí i sí. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí ilé náà jẹ́ fún yín. Nígbà tí Bàbá Oníná wà lọ́dọ̀ọ́, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ káfíńtà jọ ra ilẹ̀ kan, wọ́n sì là á sí méjì. Kí sìmẹ́ǹtì má baà pọ̀, wọ́n ní kí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín ilé méjèèjì. Káfíńtà kan gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé méjèèjì. Oníná fa gbogbo iná. Kò sẹ́ni tó wo iṣẹ́ ta ló pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí èkejì, débi pé àwọn ọ̀gá wọn ń bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n jọ fẹ́ ìyàwó ni.

Ayé ń jẹ́ ayé nígbà náà, ọ̀rẹ́ mi. Iná pọ̀ bí òjò. Ìyàwó Bàbá Oníná, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí rere, á tan gílóòbù ìta sílẹ̀ di ọ̀sán gangan, kò sì sẹ́ni tó máa bi í. Lábẹ́ gílóòbù kan náà yẹn ni àwọn ọmọ ilé méjèèjì ti ń kàwé, tí wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń ju kòkòrò iná lu ara wọn. Bàbá Oníná á pariwo láti inú ilé pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi. Ó ti wá sinmi báyìí, ìsinmi náà sì sú u. Káfíńtà ti kú, ìyàwó Bàbá Oníná náà ti kú, àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Ohun tó kù kò ju ògiri yẹn lọ, àti ohùn ìyàwó Káfíńtà tó máa ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀. Tó bá wá lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé, Bàbá Nọ́ọ̀sì ni wọn yóò máa pè é níbẹ̀. Kò ní sí ẹnì kan tó mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́ rí.

Kò jókòó káwọ́ gbera. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó gbé àpótí iṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Bí súìṣì ńlá bá ti wálẹ̀ tí mítà ṣì ń kà, á jẹ́ pé nǹkan kan ń fa iná láàárín mítà sí súìṣì. Ó ṣí àpótí onígi tó bo wáyà mọ́lẹ̀ lábẹ́ mítà. Eruku dà sí i lójú. Wáyà ńlá méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì rí wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wọn pátápátá, wáyà dúdú tínrín kan so mọ́ wọn, ó sì wọnú ògiri lọ.

"Olè," ni Bàbá Oníná wí. Ó ti mí kanlẹ̀ láti ṣẹ́ èpè gidi fún olè náà, èpè tí àwọn ọmọ rẹ̀ náà á jẹ níbẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó balẹ̀ síbi tí wọ́n ti so wáyà náà. Wọ́n lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n tẹ orí rẹ̀ padà, wọ́n sì fi òwú pupa di í lórí tépù. Nínú iṣẹ́ àwọn oníná, oníkálukú ló ní bó ṣe ń di wáyà tirẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi òwú pupa di tirẹ̀ ládùúgbò yẹn, ẹni náà ló sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èpè lẹ́nu. Ó gbé èpè náà mì kíákíá.

Ó rántí wàyí. Ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni. Káfíńtà ṣàìsàn títí, ó kú, kò sì pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí àwọn ilé iṣẹ́ iná wá gé iná ìyàwó rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin, ìdánwò sì ti dé tán. Obìnrin náà kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni; tí ẹ bá fún un níyọ̀ ife kan láàárọ̀, ife méjì ló máa dá padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníná wá dọ́gbọ́n sí i. Lọ́jọ́ tí wọn ò sí nílé, ó dá ògiri lu, ó fa wáyà kan láti ara mítà tirẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn wọn, fún gílóòbù kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan. Nígbà tí wọ́n dé, ó sọ fún obìnrin náà pé ọkọ rẹ̀ ti sanwó wáyà yẹn sílẹ̀ kó tó kú, pé kò sẹ́ni tó lè gé e. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó ní, "Ó kúkú rántí wa." Bàbá Oníná pinnu pé bí wọ́n bá ti dá iná ilé obìnrin náà padà, òun yóò yọ ọ́. Wọ́n dá a padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìyàwó tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Kí ìyàwó rẹ̀ tó gbádùn, ó ti dá Bàbá Oníná lójú pé òun ti yọ wáyà náà.

Ṣùgbọ́n gílóòbù kan kò lè jẹ iná oṣù kan tán ní ọjọ́ mẹ́wàá. Bàbá Oníná wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì yà sí ilé kejì.

Ìyàwó Káfíńtà ti dàgbà, irun rẹ̀ ti funfun, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gba aṣọ fọ̀. Inú rẹ̀ dùn láti rí i. Ó ní ọkọ òun wo ló rántí òun lónìí yìí, ó gbé àga fún un, ó sì bu omi fún un mu. Omi náà tutù débi pé eyín rẹ̀ ta á. Ó ti tó oṣù méjì tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti kan ọ̀fun rẹ̀ kẹ́yìn. Ó bi í, bí ẹni tí kò ní nǹkan lọ́kàn, báwo ló ṣe ń ṣe é lásìkò tí iná wọ́n yìí. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa bọ̀ wá wò ó.

Ohun tó rí nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Áyọ́ọ̀nù méjì, fírísà tí ọmọ obìnrin náà rà ránṣẹ́, kẹ́tùrù tó fi ń se omi, fáànù ńlá tó dojú kọ aṣọ tútù kó lè tètè gbẹ. Gbogbo wọn ló ń fa iná lójú kan ṣoṣo, wọ́n ń kùn bí oyin. Obìnrin náà sì ń ṣàlàyé. Ó ní nígbà tí iná gbówó lérí, òun mú bébà láti kọ ọ́ sílẹ̀, òun ń ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nínú ilé, òun sì ń sáré lọ wo mítà. Ibi gbogbo ló ń jẹun àfi yàrá yìí. Lòun bá pa iná gbogbo yàrá yòókù, tó fi dórí pálọ̀, òun kó iṣẹ́ òun wá síbí. Ó ní àwọn obìnrin àdúgbò ń bi òun ní ọgbọ́n tí òun ń dá.

"Ẹ̀yin náà lẹ kúkú sọ ọ́ fún mi," ni ìyàwó Káfíńtà wí. "Ọkọ mi ló sanwó ẹ̀ sílẹ̀. Tí mo bá ti fẹ́ tan áyọ́ọ̀nù láàárọ̀, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀."

Bàbá Oníná jókòó sórí òkìtì aṣọ. Ẹ̀rín ń pa á, ẹkún sì ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ má bi mí pé ṣé obìnrin náà kò ronú ni. Ohun tí ẹ̀dá bá gbà gbọ́ nígbà ọ̀fọ̀, kì í padà yẹ̀ ẹ́ wò. Tí Bàbá Oníná bá sọ òótọ́, ọkọ obìnrin yìí tún kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn. Tó bá sì dákẹ́, ilé rẹ̀ ti lọ, ó ti di bàbá arúgbó inú yàrá kan. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó wá dìde, ó lọ gbé àkàbà àti píláyà rẹ̀ wá.

Ó ní wáyà náà ti gbó, pé ó lè dáná sunlé. Ó ní òun fẹ́ gé e, kí òun so yàrá yìí mọ́ mítà ilé obìnrin náà bíi ti yàrá yòókù. Obìnrin náà dúró síwájú àkàbà.

"Wáyà tí ọkọ mi sanwó ẹ̀ lẹ fẹ́ gé?"

Bàbá Oníná kò lè wo ojú rẹ̀. "Owó tó san ti tán ni, ìyàwó mi. Ọgbọ̀n ọdún. Ó gbìyànjú."

Obìnrin náà gbójú sókè wo ibi tí wáyà náà ti yọ lára ògiri. Àwọn méjèèjì mọ ilé tó wà lódìkejì.

"Bàbá Oníná," ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "lọ́dún tí Káfíńtà kú, kò rówó ra ìṣó. Igi àlòkù ló ń fa ìṣó yọ lára ẹ̀, tó máa fi òòlù nà án kó tó lò ó. Ibo ló ti rí owó iná ọgbọ̀n ọdún?"

Bàbá Oníná ń yí píláyà lọ́wọ́. Ó ní òun mọ̀ nígbà náà pé kò ní gbà á lọ́wọ́ òun.

"Ǹ bá má gbà á lóòótọ́," ni obìnrin náà wí. Ó fi etí aṣọ nu ojú. "Òkú ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ láràárọ̀, tí alààyè sì wà lẹ́yìn ògiri tó ń gbọ́ ọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òní?"

Kò sí irọ́ tó kù nínú Bàbá Oníná mọ́. Ó sọ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì fún un, àti mítà, àti yàrá kan tó ṣófo. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni obìnrin náà ń fa pílọ́ọ̀gì yọ, áyọ́ọ̀nù kìíní, áyọ́ọ̀nù kejì, kẹ́tùrù, fáànù, fírísà. Ó yọ tán, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Ó ní kó máa gòkè, pé eékún rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́.

Orí àkàbà ló wà tí fóònù rẹ̀ tó gbé sórí tábìlì fi dún. Nọ́ọ̀sì ni, ó fẹ́ sọ pé òun ti délé. Ìyàwó Káfíńtà na ọwọ́ kan, ó gbé fóònù, kò sì fi ọwọ́ kejì sílẹ̀ lára àkàbà.

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, èmi ni. Bàbá ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ti rí ẹni tó ń jẹ iná bàbá ẹ. Èmi ni. Fi yàrá yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì; bàbá ẹ ò ní kúrò níbí."

Lókè àkàbà, Bàbá Oníná gé wáyà náà.