Awakọ̀ Tó Ń Fi Etí Ríran

Nígbà tí Màmá Aláwò fi máa dé ilé tí wọ́n fún un lẹ́yìn ilé ìwòsàn ojú kan, àárẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára débi pé kò lè bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì onírin, ó gbé báàgì lé orúnkún, ó ń wo ògiri. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Òórùn ọ̀dà ṣì wà nínú yàrá. Fèrèsé kan, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ẹ̀rọ omi tó wà ní àgbàlá ń kán tó, tó, tó.

Kì í ṣe ìrìn àjò nìkan ló kó àárẹ̀ bá a. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi yẹ ojú wò ní ọsibítù ìjọba, tó ń bá àwọn ènìyàn wá awò ojú tó bá wọn mu, kó tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́fà tó tẹ̀lé e, ìyá rẹ̀ tí kò lè dìde mọ́ ló ń tọ́jú. Òun ló ń gbé e, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo ẹbí ní kó lọ sinmi. Ó jókòó sílé fún oṣù méjì, ìsinmi náà kọ̀ ọ́. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nílẹ̀ òkèèrè, ó fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà gan-an.

Inú àbúrò rẹ̀ obìnrin ò dùn rárá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní ó rẹ̀ yín, ẹ tún ń wá iṣẹ́ kiri. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Iṣẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe," ni Màmá Aláwò dáhùn. "Ìsinmi ò yé mi."

Ilé ìwòsàn náà kò tóbi. Kí aago méje tó lù láàárọ̀, bẹ́ńṣì ìta ti kún. Màmá Aláwò á na ìwé tó ní ààmì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ ògiri; aláìsàn á fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ ààmì náà kọjú sí. Lẹ́yìn náà, á gbé férémù irin kọ́ onítọ̀hún létí, á ki dígí kan bọ̀ ọ́, á yọ ọ́, á ki òmíràn bọ̀ ọ́. "Èyí ńkọ́? Ṣé èyí ló dára jù, àbí ti ìṣáájú?" Ó ń béèrè bẹ́ẹ̀ tó ìgbà igba lójúmọ́. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, bí ènìyàn bá bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ ronú.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Sista tó jẹ́ olórí ilé ìwòsàn náà wá bá a nínú yàrá.

"Màmá, látọjọ́ tí ẹ ti dé, ẹ ò tíì kọjá géètì. Àwọn ènìyàn ń ti òpin ayé wá wo igbó ìpamọ́ ẹranko tó wà lẹ́yìnkùlé wa yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ ní Sátidé."

"Sista, bẹ́ẹ̀dì mi ni mo fẹ́ wò ní Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀dì ò ní sá lọ. Mo ti bá Ojú-àwòdì sọ̀rọ̀. Kò sí awakọ̀ tó mọ igbó yẹn tó o. Kí ẹranko tó yọ, ó ti rí i."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí ọkọ̀ aláìlórùlé náà dúró ní géètì ní Sátidé. Ojú-àwòdì sọ̀ kalẹ̀, ó kí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ó ga, ó gbẹ. Màmá Aláwò jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sista tó ṣiṣẹ́ mọ́jú nà gbalaja sí ìjókòó ẹ̀yìn, oorun sì gbé e lọ kí wọ́n tó rìn jìnnà.

Òótọ́ ni Sista sọ, ọkùnrin náà mọ igbó. Á dẹ ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí eré, á gbé imú sókè díẹ̀, á ní, "Ẹfọ̀n wà nítòsí odò," wọ́n á sì bá ẹfọ̀n nítòsí odò. Ó gbọ́ igbe ẹyẹ kan tó máa ń bà lé ẹranko ńlá lára, ó ní, "Ẹ wo apá òsì. Àgùnfọn."

Màmá Aláwò wò ó. Àgùnfọn mẹ́rin dúró láàárín igi ẹlẹ́gùn-ún, ọrùn wọn ga ju igi lọ. Wọ́n ń jẹun láìkánjú, ahọ́n wọn dúdú, ó gùn, ó ń yí ewé po. Èyí tó kéré jù nínú wọn yí orí padà, ó wò ó bí ìgbà tí arúgbó bá ń wo àlejò láti ojú fèrèsé. Ohun kan rọ̀ nínú Màmá Aláwò. Ó fẹ́ sọ ọ́ fún awakọ̀ náà, ó bá yíjú sí i.

Ojú-àwòdì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ń tẹjú mọ́ ibi tí kò sí nǹkan kan. Àwọn àgùnfọn náà wà ní ọ̀tún ibi tó ń wò. Oòrùn àárọ̀ bọ́ sí ẹyinjú rẹ̀ lákòókò yẹn, Màmá Aláwò sì rí i: ọmọlójú ọ̀tún ti funfun bí omi ẹ̀kọ.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni, ó wá wo ẹranko ni, kò wá yẹ ojú wò. Ó gbé ojú kúrò.

Wọ́n kọjá àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, wọ́n kọjá ìmàdò kan tó na ìrù sókè tó ń sáré bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Atẹ́gùn yí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ẹ̀yìn wọn, kò gbé òórùn iwájú wá mọ́. Ojú-àwòdì gba kọ́nà kan. Erin dúró láàárín ọ̀nà, ọmọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, eruku ti kùn wọ́n ní àwọ̀ ilẹ̀. Ọkọ̀ ò dẹ eré.

"Dúró!" ni Màmá Aláwò pariwo. "Erin! Dúró!"

Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ fì, eruku sọ. Ìyá erin na etí méjèèjì, ó mi orí, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó ń bọ̀. Ojú-àwòdì pa ẹ́ńjìnì.

"Ẹ má mira," ló sọ ní ohùn kẹ́lẹ́.

Erin náà dé iwájú ọkọ̀, ó dúró. Màmá Aláwò ń rí ìpéǹpéjú rẹ̀, irun gígùn orí wọn, omi tó ṣàn wá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Kò mọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Nígbà tó yá, erin náà mí fùù, ó yí padà, ó fi ọwọ́jà, imú rẹ̀ gígùn, rọra ti ọmọ rẹ̀ wọnú igbó.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Sista ti jí, ó di ìjókòó mú.

"Erin ni," ni Ojú-àwòdì sọ. "Ó ti lọ."

Màmá Aláwò na ìka mẹ́ta síwájú ojú awakọ̀ náà. "Ọ̀gá, mélòó nìyí?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lórí ọwọ́ ọkọ̀, ó fi lé itan.

"Ọdún mélòó tí ojú yín ti rí báyìí?" ni Màmá Aláwò bi í.

"Ọdún mẹ́ta. Òsì ló kọ́kọ́ lọ. Màmá, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún ọ̀gá mi. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń wa ọkọ̀ nínú igbó yìí. Kí ni mo tún fẹ́ máa jẹ́ bí mi ò bá jẹ́ Ojú-àwòdì mọ́?"

"Ènìyàn lẹ ń gbé," ni Màmá Aláwò sọ. Ohùn rẹ̀ ò le, agbára tí yóò fi le gan-an ò sí. "Mọ́ńdè, ẹ wá sọ́dọ̀ mi. Tí ẹ ò bá wá, Túsídeè ni màá lọ bá ọ̀gá yín fúnra mi."

Sista ló wa ọkọ̀ padà.

Mọ́ńdè, Màmá Aláwò ń yọjú wo bẹ́ńṣì láàárín aláìsàn kan sí èkejì. Ojú-àwòdì ò wá. Túsídeè, lẹ́yìn iṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ wíwú rìn lọ sí ọ́fíìsì àwọn awakọ̀. Gbogbo ọ̀nà ló ń bá ara rẹ̀ jà: ta ló rán an níṣẹ́? Ṣé kò lè jẹ́ kí ayé máa lọ bó ṣe ń lọ?

Ó bá Ojú-àwòdì níwájú ọ́fíìsì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

"Mo ti sọ fún ọ̀gá," ni ọkùnrin náà wí kí Màmá Aláwò tó kí wọn. "Láàárọ̀ yìí ni. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ọ̀dọ̀ yín gan-an ni ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti lọ."

"Ẹ̀rù ohun tí ẹ máa sọ ló ń bà á," ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

Ẹ̀rù náà tọ́. Màmá Aláwò yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí: awọ funfun ló bo ọ̀tún, dókítà tó ń wá lópin oṣù lè yọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣan tó ń ríran ti kú ní òsì, kò sí ẹni tó lè jí i. Ìyàwó rẹ̀ sunkún díẹ̀. Ọkọ ò sunkún. Ó béèrè bóyá ojú kan tó láti fi wakọ̀ èrò, Màmá Aláwò sì ní rárá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wo ìyàwó rẹ̀ títí, lẹ́yìn náà ló yíjú sí Màmá Aláwò.

"Háà! Ṣé ẹ ti dàgbà tó báyìí? Gbogbo ìgbà tí ẹ ń pariwo mọ́ mi nínú igbó, mo rò pé ọmọge ni yín."

Màmá Aláwò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọ̀gá Ojú-àwòdì ò lé e lọ. Ó ní kó máa jókòó ti àwọn awakọ̀ tuntun, kó máa kọ́ wọn. Ìtìjú ni fún un ní oṣù àkọ́kọ́. Nígbà míì, á wà nílé, á ní orí ń fọ́ òun. Ìyàwó rẹ̀ á sì lé e jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ tí oṣù mẹ́fà Màmá Aláwò pé, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó dúró sí i. Ó ní rárá, òun fẹ́ lọ sílé. Ojú-àwòdì ní kò gbọdọ̀ lọ láìtún wọ igbó, ó sì gbé e sínú ọkọ̀ pẹ̀lú obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀. Lẹ́bàá odò, ó ní kí obìnrin náà pa ẹ́ńjìnì.

"Ẹ dijú, ẹ̀yin méjèèjì. Kí lẹ gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ni obìnrin náà sọ.

"Ẹ dúró ná."

Màmá Aláwò dijú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ọ: koríko ń já, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, ní ẹnu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹran, níwájú, lẹ́yìn, níbi gbogbo. Kò béèrè irú ẹran tó jẹ́. Ó gbé orí ti ìjókòó, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀, láìṣe nǹkan kan, títí ọkọ̀ fi tún ṣí.