Ibi Tí Fèrè Bá Dákẹ́ Sí

Èmi Samson, ọlọ́kadà Erio, bí mo bá fọn fèrè láàárọ̀, ewúrẹ́ á dìde dúró ní Arámọkọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn ewúrẹ́ náà. N ò kàwé, àmọ́ èémí mi, ọba ni. Fèrè idẹ tí wọ́n ń pè ní tírọ́ḿpẹ́ẹ̀tì yẹn, bàbá àgbà mi ló fi sílẹ̀ fún mi kó tó lọ sinmi.

Ẹ jẹ́ n sọ àṣà ṣọ́ọ̀ṣì wa fún yín. Lọ́jọ́ ìkórè, Ìyá Ìjọ ló ń wọlé kẹ́yìn. Bó bá ti tẹsẹ̀ bọ ẹnu ọ̀nà, afọnfèrè á fa ohùn tó kẹ́yìn orin gùn, ní èémí kan ṣoṣo, Ìyá Ìjọ á sì máa rìn lọ síwájú. Ibi tí fèrè bá dákẹ́ sí, ibẹ̀ ló máa jókòó. Wọ́n ní Ọlọ́run ló ń yan àyè.

Ìyá Ìjọ yìí, ìyá àgbà mi ni, òun ló tọ́ mi dàgbà. Bẹ́ǹṣì kan wà níwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, bàbá àgbà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Nígbà tí bàbá ń fọn fèrè, kò sí ìkórè tí màmá ò jókòó síbẹ̀. Nígbà tí bàbá lọ, ó kàn mí.

Ìkórè èṣí, mo yà ní búkà kan ní oríta Ìkógòsì kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló ń fi ikùn òfìfo ṣiṣẹ́ agbára l'Ékìtì? Òkìtì iyán mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi bí àṣíborí ọlọ́kadà. Mo fẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ọ̀pọ̀lọ́, mo fọn ún, páànù òrùlé mì. Ohùn yẹn ga! Àmọ́ màmá ò tíì dé bẹ́ǹṣì kẹta tó fi já. Ó dúró. Ó wo iwájú lọ́ọ̀ọ́kán, ó wá rọra jókòó sẹ́yìn òpó, láàárín àwọn ọmọdé.

Kò bá mi wí. Ìgbà tá a délé ló kàn sọ pé, "Samson, níbi tí mo jókòó sí, n ò rí bẹ́ǹṣì bàbá rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ọjọ́ tí ọ̀kadà dà mí nù lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, tí mo yí gbirigbiri dé Ìjerò.

Ọdún yìí, màmá pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Orúnkún ń dùn ún, igi ló fi ń rìn. Mo rí i pé bí mi ò bá wá nǹkan ṣe, ẹ̀yìn òpó náà ló tún máa jókòó sí. Mo bá tọ Tíṣà Adérìnsọ́lá lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó padà wálé, òun náà fọn fèrè nígbà ọmọge rẹ̀.

"Mà, ẹ kọ́ mi bí èémí ṣe ń pọ̀. Kì í ṣe pé n ò ní in o."

"O ní in. Ẹnu ni gbogbo ẹ̀ ń gbà jáde. Dùbúlẹ̀ sórí ẹní yẹn, mí."

Mo mí. Àyà mi yọ bíi ti àkùkọ. Tíṣà fi ọwọ́ kan ikùn mi. "Ibí ni kó gbà wọlé, kì í ṣe èjìká. Kí lo máa ń jẹ kó o tó fọn?"

"Iyán ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Samson! O kó ẹrù kún yàrá, o wá ń wá ibi tí àlejò máa sùn!"

Ó ní kí n máa gbé iṣu lé ikùn láràárọ̀, kí n fi èémí gbé e sókè, kí n wá máa mí jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí iṣu á fi sọ̀ kalẹ̀. Màmá ló ń gbé e lé mi.

"Uṣu rèé o. Oyún oṣù mélòó lèyí?"

"Màmá, ẹ kà á!"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ka méjìlá kí iṣu tó sọ̀ kalẹ̀. Mo sọ fún àwọn ọlọ́kadà pé ọgọ́rùn-ún ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń ka ogójì.

Ohun tó wá le fún mi ni èyí tí tíṣà sọ kẹ́yìn: "Má pariwo. Èémí dà bí epo nínú ìgò. Dà á tín-ín-rín."

"Wọn ò ní gbọ́ mi dé Arámọkọ nìyẹn, mà!"

"Ta lò ń fọn ọ́n fún?"

Mo gbé fèrè sẹ́nu, mo fọn ún wẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè pé. Màmá dé ẹnu ọ̀nà. Mo fa èémí dé ìbàdí, mo fọn ún, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí òwú. Mo ń gbọ́ igi màmá nílẹ̀: kò, kò, kò. Ó kọjá bẹ́ǹṣì kẹta. Ó kọjá òpó. Ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ku bẹ́ǹṣì méjì, èémí tó sì kù nínú mi ò lè mú ṣíbí ẹ̀kọ kan tutù. Ohùn ń gbọ̀n.

Màmá gbọ́ ọ. Àádọ́ta ọdún ló fi ṣe ìyàwó afọnfèrè. Ó ki igi bọ abíyá, ó ká ìró sókè, ó sáré! Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Kí ohùn yẹn tó kú, ó ti jókòó: gbì! Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè.

Wákàtí kan gbáko ni mo fi fọn ún. Tíṣà ní kò pé ìṣẹ́jú kan. Aago tíṣà ti gbó.

Màmá ò kọ́kọ́ wò mí. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa igi bẹ́ǹṣì yẹn lára. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí bàbá máa ń jókòó sí. Mo lọ jókòó síbẹ̀. Ó tẹ̀ sí mi létí.

"Iyán rẹ wà nínú kúlà ní ulé. Bàbá rẹ náà, ẹ̀yìn ìsìn ló máa ń jẹ tiẹ̀."

"Màmá! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi látèṣí?"

"Ìgbà wo lo jẹ́ kí n sọ̀rọ̀?"