Ọ̀dà Orí Síkúrù

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Jorie Vrba nígbà tó wá bá mi pé kí n bá òun wá bàálù àlòkù tí òun máa rà. Kì í ṣe bàálù ńlá tó ń kó èrò lọ sókè òkun o. Àwa tí à ń gbé láàárín oko àgbàdo ní Nebraska, bàálù kékeré oníjókòó méjì ni bàálù lójú wa, èyí tí ọkùnrin méjì lè fọwọ́ tì jáde kúrò nínú ilé. Èmi Lumir Zabka, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń ṣe mẹkáníìkì bàálù ní pápá bàálù kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú wa. Èmi náà ni mo kọ́ Jorie bí wọ́n ṣe ń fò. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá gbéra tó sì dá balẹ̀, èmi ni mo fi àlùmọ́gàjí gé ìdí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, tí mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i, tí mo sì kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí.

Ìdí tó fi fẹ́ bàálù tirẹ̀ kò ṣòro. Ọkùnrin kan tó ń fi bàálù fọ́n oògùn sí oko ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, àmọ́ ó ní kó kọ́kọ́ lọ fò fún wákàtí púpọ̀ sí i. Bó bá ń háyà bàálù, owó rẹ̀ á tán kí wákàtí tó pé. Bó bá ra àlòkù, tó fò ó, á ṣì rí i tà lẹ́yìn náà. Ọmọ màlúù ló fi kó owó náà jọ, láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń sìn wọ́n tó ń tà wọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ le ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ, síbẹ̀ kì í gbàgbé láti kun èékánná rẹ̀ ní pupa. Mo máa ń bi í pé ṣé àwọn màlúù ló ń kùn ún fún.

A kọ́kọ́ lọ wo méjì. Èkíní ń dán gbinrin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Èmi kì í fẹ́ràn ọ̀dà tuntun lára àlòkù, mo máa ń fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi bò. Ẹni tó ni èkejì ní òun ò fò ó láti ọdún mẹ́fà, nítorí náà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbó rárá. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ẹ́ńjìnnì bàálù àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà, ìjókòó ló ń ba àwọn méjèèjì jẹ́.

Nígbà tí à ń bọ̀ nílé, Jorie ní, "Bàbá Lumir, irú èwo gan-an wá ni kí n rà?"

"Èyí tí kò ní jẹ́ kó o rí ìtàn kankan sọ. Èyí tí wọ́n ń fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tíwèé ẹ̀ pé, tẹ́ni tó ni ín fẹ́ràn ẹ̀ ju ìyàwó ẹ̀ lọ."

"Ti Bàbá Kubik lẹ sọ yẹn."

Òótọ́ ni. Èmi àti Ardell Kubik jọ lọ ilé ìwé kan náà, èmi ni mo sì ń tọ́jú bàálù rẹ̀ fún un. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló fi ń gbé Blanche ìyàwó rẹ̀ sínú bàálù rẹ̀, wọ́n á fò lọ jẹun àárọ̀ ní pápá míì, wọ́n á sì fò padà. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló kùn ún ní àwọ̀ wàrà, tó fi ọ̀já aláwọ̀ ewé fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Nígbà tí òtútù parí lọ́dún yẹn, dókítà ní kò gbọdọ̀ fò mọ́. Ó sọ iye tó máa tà á fún Jorie, kò sí ẹlòmíì tó lè rí i rà ní iye yẹn.

Àṣà kan wà nídìí iṣẹ́ wa. Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú bàálù kì í bá ẹni tó fẹ́ rà á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíì láti ìlú míì ni wọ́n ń pè. Kò sí nínú ìwé òfin, àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Jorie náà mọ̀ ọ́n, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ. Ó ní òun fẹ́ pe Tovah Lindgren, mẹkáníìkì obìnrin kan tó wà ní ìrìn wákàtí kan sí wa. Ìdí kọfí la wà lọ́jọ́ náà, ni Ardell bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta lo fẹ́ lọ pè? Lumir tó mọ bàálù yìí ju bó ṣe mọ àwọn ọmọ ẹ̀ lọ nìyí! O wá fẹ́ gbé owó màlúù ẹ fún àjèjì."

"Àṣà ni mò ń tẹ̀ lé, sà."

"Àṣà, àṣà! Ṣé àṣà ló ní ká má gba ẹni tá a mọ̀ gbọ́ ni?"

Ó yẹ kí n sọ pé ọmọ náà gbọ́n. Ńṣe ni mo ń mu kọfí mi, tí ọ̀rọ̀ Ardell ń dùn mọ́ mi. Ìgbéraga ni, n kò ní í pè é lórúkọ míì. "Fi Tovah sílẹ̀," ni mo wí. "Màá bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

Lọ́jọ́ Satide, a ṣí ilẹ̀kùn ilé páànù tí Ardell ń kó bàálù rẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ilé náà fara ti àká àgbàdo, òórùn àgbàdo gbígbẹ kì í sì í kúrò níbẹ̀ tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. A yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó dára. A yẹ okùn ìdarí wò, ó dára. Jorie ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ó sì ń kọrin lábẹ́ ẹnu. Mo mọ̀ pé nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ń fò.

Mo wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ apá ọ̀tún. Níbẹ̀, àwọn ìdérí pẹlẹbẹ mẹ́ta wà nítòsí ibi tí apá ti so mọ́ ara bàálù. Ọdọọdún ló yẹ kí á máa tú wọn, kí á fi tọ́ọ̀ṣì wo egungun inú apá náà. Egungun yẹn ló gbé èèyàn dúró lókè. Bó bá dá, kò sí ohun tí awakọ̀ lè fọwọ́ ṣe mọ́, àfi kó gbàdúrà. Mo ki sikudiráfà bọ síkúrù àkọ́kọ́, kò wọlé. Mo gbìyànjú èkejì, kò wọlé. Ọ̀dà àwọ̀ wàrà ti dí ojú wọn pa, ó sì tẹ́ rẹrẹ kọjá láti orí síkúrù dé ara páànù.

Bí èèyàn bá tú síkúrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lẹ́yìn tí wọ́n ti kùn ún, ọ̀dà á fọ́ yí orí rẹ̀ ká. Ọ̀dà yìí kò fọ́, ó sì ti pé ọdún mẹ́sàn-án.

Mo wá rántí. Lọ́dún tí Ardell kun bàálù rẹ̀ tán, ó ní, "Lumir, jọ̀ọ́, má fi sikudiráfà ha ọ̀dà mi. O ṣáà wo ibẹ̀ léṣìí." Mo ní kò burú, ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà dé, mo tún sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Lọ́dún kẹta, mo ti gbàgbé pé ìdérí kankan wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni mò ń kọ ọ́ sínú ìwé bàálù náà pé mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó yẹ fún fífò, tí mo sì ń fọwọ́ sí i. Ìgbà mẹ́sàn-án.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Mo rò ó pé kí n dìde, kí n nu ọwọ́, kí n sì wí pé ó tán. Mo lè padà wá lọ́jọ́ kejì ní èmi nìkan, kí n tú u, kí n wò ó, kí n tún ọ̀dà rẹ̀ kùn. Bí ó bá dára nínú, ta ni yóò mọ̀? Mo rò ó dáadáa, kì í ṣe fún ìṣẹ́jú kan péré. Orúkọ tí mo fi ọdún mọ́kànlélógójì kọ́ ló wà níwájú mi yẹn.

Jorie ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ní, "Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Apá ọ̀tún, ó dáa."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó dáa?"

"Ìwé ni. Ẹ fọwọ́ sí i lọ́dọọdún, mo ti kà á tán."

"Pa á rẹ́."

"Ẹ̀n?"

"Mo ní pa á rẹ́!" Mo pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pé òun ló jẹ̀bi. "Wá síbí. Fọwọ́ kan orí síkúrù yìí. Kí lo rí?"

Ó fi èékánná pupa rẹ̀ tọ ojú síkúrù náà yíká. Ó ṣe èyí, ó ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Ọmọ tó ní làákàyè ni.

"Ọ̀dà ò fọ́," ló wí níkẹyìn. Ó wò mí. "Bàbá Lumir, báwo wá lẹ ṣe ń tú u?"

"N kì í tú u."

Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà kúrò, mo sì tú ìdérí àkọ́kọ́. Èèpo àgbàdo àti irun eku já lé mi lójú, òórùn ìtọ̀ eku sì gba ilé kan. Àwọn eku inú àká ti fi apá bàálù Ardell ṣe ilé ọmọ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ti yọjú síbẹ̀, ìtọ̀ wọn sì ti ń jẹ irin. Jorie tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Egungun apá náà ti hu ìpẹtà funfun bí ẹfun. Mo fi ẹnu sikudiráfà tì í díẹ̀, ó sì wọ inú irin náà lọ.

Ibẹ̀ ni Ardell bá wa, ó gbé kọfí mẹ́ta dání.

"Kí lẹ̀ ń fọ̀bẹ ṣe sí ọ̀dà mi?"

Mo sọ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ihò náà pẹ̀lú ojú tí kò ríran tó mọ́, ó sì fìka kàn án. Ìpẹtà náà lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà.

"Gbogbo Sunday ni mò ń gbé Blanche," ó wí. "Gbogbo Sunday, Lumir."

"Mo mọ̀."

"Ṣé o ò lè sọ pé o ò rí i ni? Ta ló máa ra bàálù yìí lọ́wọ́ mi báyìí?"

"Ardell, ìwọ lo ní kí n má ha ọ̀dà ẹ."

"Ìwọ ni mẹkáníìkì!"

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó ni nǹkan lè bẹ ẹ̀bẹ̀ tó bá wù ú, ẹni tó fọwọ́ sí i lọ̀rọ̀ ń bá wí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún. Mo tọrọ bírò lọ́wọ́ Jorie, mo ṣí ìwé bàálù náà, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin apá ọ̀tún ti jẹ, kí ẹnikẹ́ni má fò ó, pé a kò tú ìdérí rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, pé mo fọwọ́ sí i láìwò ó. Mo kọ orúkọ mi sísàlẹ̀.

Mo ní, "Lọ bá Tovah Lindgren. Èyíkéyìí tó o bá rí, òun ni kó yẹ̀ ẹ́ wò. Má pè mí."

Jorie mú ìwé kékeré rẹ̀, ó sì lọ láìdáhùn. Mo ti rò pé á sọ nǹkan kan. Ìyẹn dùn mí ju ariwo Ardell lọ.

Èmi fúnra mi ni mo kọ̀wé sí ìjọba. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi fún oṣù mẹ́fà. Èèyàn mẹ́ta kó bàálù wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, n kò sì bá wọn jà. Ardell kì í jókòó nídìí kọfí mọ́ bí mo bá wà níbẹ̀. Blanche nìkan ló ṣì ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Mo gbọ́ pé nígbà ìkórè, Jorie ti ra bàálù kan tó burẹ́wà, tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó, tí Tovah sì tú gbogbo ara rẹ̀ palẹ̀ kí ó tó ní kó rà á. Mo gbọ́ pé wákàtí rẹ̀ ń pé bọ̀. N kò fojú kàn án.

Ọdún kan lẹ́yìn ìkórè yẹn, bàálù tí ọ̀dà ń bó lára rẹ̀ kan balẹ̀, ó sì wá dúró sí ẹnu ọ̀nà mi. Jorie sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ó ti pé ọdún kan. Mo gbé e wá fún àyẹ̀wò."

"Lọ́dọ̀ tèmi?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ apá bàálù náà kí ó má bàa rí ojú mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lórí síkúrù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán ọ̀dà pupa kékeré kan wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀ wà lórí síkúrù, ìdajì wà lára páànù.

"Kí lèyí, Jorie?"

"Ọ̀dà èékánná mi ni." Ó gbójú sílẹ̀. "Bí síkúrù bá yí díẹ̀ báyìí, á fọ́. Ẹ má bínú, sà. Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán yín."

Ó ta mí lára, ó ta mí gan-an. Àgbàlagbà bíi tèmi, tí ọmọdé ń fi ọ̀dà èékánná ṣọ́!

"Má fọkàn tán mi," mo wí. "Máa kùn ún."

"Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi nígbà tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ mi. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Nígbà tó padà dé, n kò sọ pé iṣẹ́ ti parí, tọ́ọ̀ṣì ni mo nà sí i. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wò wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Èmi dúró tì í pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ìwé bàálù rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, n kò tíì kọ nǹkan kan sí i. Èmi náà ń kà á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé mo tú gbogbo wọn.

"Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta," ó wí. "Gbogbo ẹ̀ ló fọ́."

Ó dìde, ó yọ ìgò ọ̀dà pupa náà látinú àpò, ó wò mí díẹ̀, ó sì nà án sí mi.

"Ẹ bá mi kun apá ọ̀tún, Bàbá. Màá kun òsì."

A dùbúlẹ̀ sábẹ́ bàálù náà, à ń ti ìgò kan sọ́wọ́ ara wa, a ò sì kánjú. Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ, mo dìde, mo sì fọwọ́ sí ìwé.