Nọ́ńbà Inú Ìwé Pupa

"Gbé ẹ̀rọ báńkì yẹn fún mi," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì na ọwọ́ sí i lórí tábìlì.

Akápò kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ti ju ẹ̀rọ kékeré náà sínú báàgì, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ okùn báàgì mọ́lẹ̀. Láìsí nọ́ńbà àṣírí tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde, owó ilé ìtẹ̀wé ò lè kúrò ní báńkì.

Ẹ̀gbọ́n ló ni ilé ìtẹ̀wé. Àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ Akápò. Odindi ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tu owó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun jọ, tí wọn ò fi kún owó oṣù ẹnikẹ́ni. Òní ló yẹ kí wọ́n san án. Láàárọ̀ ni lẹ́tà dé sórí kọ̀ǹpútà: Bàbá Ẹlẹ́rọ tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún wọn ti yí báńkì padà, kí wọ́n sanwó sí àkáǹtì tuntun kó tó di aago mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tà á fún ẹlòmíì. Lẹ́tà náà mọ ìwà. Ó tilẹ̀ kí Akápò kú ewu ọmọ.

Ẹ-jẹ́-n-gbọ́ làwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣe Akápò yẹ̀yẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun pààrọ̀ àkáǹtì, àfi kó pè é lórí nọ́ńbà tó ti wà nínú ìwé pupa rẹ̀ tipẹ́, kó ní, "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn yín." Lónìí, ó ti pe Bàbá Ẹlẹ́rọ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbé e.

"Èmi ti pè é," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ó ní òun ni."

"Nọ́ńbà wo lẹ pè?"

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pe olè, ẹ wá bi í bóyá olè ni. Kí lẹ rò pé ó máa sọ?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó yára fi ikọ́ bò ó.

"Ta ló ni ibí yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ẹ lè lé mi lọ, n ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì wà lórí àga yìí, owó yẹn ò ní gba ọwọ́ mi jáde."

"Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, má wulẹ̀ padà wá lọ́la."

"Mo gbọ́, sà."

Ẹ̀rù bà á, ká má parọ́. Ẹni tó ń bá jà níbi iṣẹ́ náà ni yóò bá jókòó nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ó tún tẹ nọ́ńbà inú ìwé pupa. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, fóònù rẹ̀ dún; nọ́ńbà inú ìwé pupa ló ń pè é. Ó ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo yàrá lè gbọ́.

"Ọmọ mi, má bínú. Abẹ́ ẹ̀rọ ni mo wà látàárọ̀, gíríìsì ti bo gbogbo ọwọ́ mi."

"Bàbá, ṣé ẹ ti yí báńkì padà ni?"

"Kí ni mo fẹ́ fi òmíràn ṣe? Èyí tí mo ní ò tíì kún."

"Aago mẹ́rin tí ẹ dá fún wa ńkọ́?"

"Aago mẹ́rin wo? Ta ló ń lé yín?"

Ẹ̀gbọ́n rọra jókòó lórí páálí bébà. Bàbá Ẹlẹ́rọ fẹnu ara rẹ̀ ka nọ́ńbà àkáǹtì àtijọ́, Akápò ń fi ìka tọ̀ ọ́ nínú ìwé pupa títí tó fi parí. Ìgbà yẹn ló tó yọ ẹ̀rọ kékeré jáde.

Nígbà tí owó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n fa ìwé pupa sọ́dọ̀, ó kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sójú ewé tó kẹ́yìn.

"Bí èmi náà bá kọ lẹ́tà sí ọ pé kí o sanwó fún ẹnikẹ́ni," ó wí láìwò ó lójú, "pè mí."

Akápò wo nọ́ńbà náà. Ó ti mọ̀ ọ́n lórí láti ọdún mẹ́sàn-án. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìwé. Fóònù dún lápò Ẹ̀gbọ́n. Ó wò ó, ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó gbé e sétí.

"Ẹ jẹ́ n gbọ́ ohùn yín," ni Akápò wí.

"Èmi ni, Ìyàwó wa."